Bátìrì Tó Ń Mì Lórí Gíláàsì

Kí wọ́n tó jókòó ni mo ti mọ ohun tí wọ́n wá gbà. Ìyàwó ọmọ mi ló ṣáájú, aṣọ dúdú ara rẹ̀ ti ń ṣá. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi méjì tẹ̀ lé e: ọ̀kan jẹ́ tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́, èkejì jẹ́ télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́nu mi, àti orúkọ bàbá wọn, àti orúkọ ìyá tó bí bàbá wọn. Èmi kì í gbàgbé orúkọ. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí, nítorí inú ń bí mi, ẹni tí inú ń bí kò sì gbọdọ̀ máa kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀.

Wọ́n kí mi kú ara fẹ́ra kù. Mo dáhùn. Mo bu omi fún wọn. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọ̀nà tí kò dára, tíṣà ń bá a ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ń wò wọ́n. Ẹni tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá ọ ní Ọ̀yọ́, tó wá ń ròyìn kòtò ojú ọ̀nà fún ìwọ tí o fi gbogbo ayé rẹ wa lọ́rí, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń bà á.

Ìyàwó ọmọ mi ló là á. Ó ní, "Bàbá, àwọn bátìrì yẹn la wá gbà. Ìrántí ti dé tán."

Mo ní n kò gbọ́. Mo gbọ́ o. Mo kàn fẹ́ kó tún un sọ ni, bóyá ojú yóò tì í. Ó tún un sọ. Ojú kò tì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọmọ mi, àkọ́bí mi, a máa ṣe bàálù. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń wọ̀. Bàálù kékeré ni, apá rẹ̀ gùn tó apá mi méjèèjì bí mo bá nà wọ́n. Fóòmù funfun tí wọ́n máa ń kì mọ́ fíríìjì nínú páálí ni ó ń gé, yóò fi ọ̀bẹ fá a títí yóò fi rí bí ó ṣe fẹ́, yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò sì gbé e fún télọ̀ yìí kan náà kó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ búlúù bò ó. Fáànù kan wà ní imú rẹ̀, bátìrì kan wà ní ikùn rẹ̀. Ọmọ mi yóò dúró sílẹ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, bàálù yóò sì máa yí lókè bí àwòdì tó rí òròmọdìẹ.

Mo kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ọkùnrin tó ti níyàwó, tó ti bímọ, ohun ìṣeré ló ń gbé kiri. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó gbé e wá sí Ọ̀yọ́, ó mú un fò lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti Ọjà Akẹ̀sán sọ ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ọmọ ta nìyẹn. Mo dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu mi ti pa mọ́.

Bátìrì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí à ń kì sínú tọ́ọ̀ṣì. Ó rí pẹlẹbẹ, ó fúyẹ́, náílọ̀n ni wọ́n fi dì í, a sì lè máa gba iná sí i léraléra. Ṣùgbọ́n ó ń dàgbà. Bí ó bá ti ń dàgbà, ikùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọmọ mi ní bó ṣe ń tọ́jú wọn. Inú ìkòkò amọ̀ ni ó ti ń gba iná sí wọn, ní ìta gbangba, yóò sì gbé àpótí jókòó tì í títí yóò fi kún, nítorí irú bátìrì yẹn lè gbiná bí wọ́n bá ṣi í lò. Kò sì sí bátìrì tí yóò wọ inú bàálù láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé e lé orí gíláàsì fèrèsé, irú èyí tí à ń pè ní lúfà. Yóò fi ìka kan tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fara lélẹ̀ dáadáa, kó máa bọ̀. Bí ó bá mì, bí àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó parí. Yóò ní, "Èyí ti fẹ̀yìn tì."

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, ṣebí iná ara ṣájà sọ pé ó kún. Kí ló wá ń dà á nù sí?

Ó ní, "Bàbá, kíkún kọ́ ni agbára. Èyí tó ti gbó lè kún fọ́fọ́. Tí ẹ bá fi tan gílóòbù nílẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Ṣùgbọ́n bí fáànù bá ti béèrè agbára gidi lọ́wọ́ rẹ̀ lókè, á dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá sì ti dákú, etí tí bàálù fi ń gbọ́ rìmóòtù di nìyẹn. Kì í ṣe bàálù mọ́ nígbà yẹn. Òkúta ni."

Mo lóye rẹ̀. Awakọ̀ ni mí. Mo ti rí lọ́rí tí bíréèkì rẹ̀ mú dáadáa ní páàkì, tí kò sì mú mọ́ nígbà tó dé orí òkè pẹ̀lú ẹrù.

Ìgbà tó wá sí Ọ̀yọ́ kẹ́yìn, ó kó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì dání. Gbogbo wọn ló ti wú. Ó kó wọn sínú ìkòkò kan tó ti sán létí, ó da iyanrìn sí i, ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé mi lábẹ́ àtíbàbà, jìnnà sí ilé. Ó ní òun yóò padà wá fa iná inú wọn tán, òun yóò sì rì wọ́n sínú omi iyọ̀ kí òun tó dà wọ́n nù. Kò padà wá.

Àwọn tó dára, tó wà nílé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àbúrò rẹ̀ tó jogún wọn so wọ́n mọ́ gílóòbù, ó jẹ́ kí gílóòbù náà mu wọ́n gbẹ títí wọ́n fi kú. Kò mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbẹ tán. Kò bi ẹnikẹ́ni. Bátìrì ọwọ́ ọmọ mi tó kù láyé, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀ ni.

Àwọn yìí ni wọ́n wá gbà.

Ìdí tí wọ́n fi wá gbà á nìyí. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sọ ara rẹ̀ di olórí ẹbí níbẹ̀, ló pe ìpàdé. Wọ́n ní ohun ọwọ́ olóògbé nìkan ni àwọn yóò lò lọ́jọ́ náà. Agbádá rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ yóò wọ̀. Àga rẹ̀ ni àlùfáà yóò jókòó lé. Ife rẹ̀ ni wọn yóò gbé síwájú àlùfáà. Lẹ́yìn ìsìn, bàálù rẹ̀ yóò fò kọjá lórí àwọn ènìyàn ní pápá ilé ìwé kan níbẹ̀, bátìrì rẹ̀ ni yóò sì gbé e. Ẹnìkan ní ìpàdé náà ní àjèjì nǹkan kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Gbogbo wọn ní àmín. Ìyàwó ọmọ mi gbá ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó ń rì sómi ṣe ń gbá ẹ̀ka igi mú.

Ẹ wá wò ó: télọ̀ tó jókòó síwájú mi yìí ní bátìrì tuntun méjì nílé. Òun pẹ̀lú ní bàálù tirẹ̀. Tuntun wà, wọn kò fẹ́ tuntun.

Bí ó bá jẹ́ pé wọn kò mọ̀ ni, ǹ bá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n mọ̀. Ọmọ mi ló kọ́ àwọn méjèèjì. Mo wo tíṣà lójú, mo ní, "Ìwọ, ṣé kò kọ́ ọ ní ti gíláàsì ni?"

Ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní, "Ó kọ́ mi, sà."

"Ṣé o ti rí àwọn tó wà nínú ìkòkò yẹn?"

"Mo mọ̀ wọ́n, sà. Ojú mi ló ṣe kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan."

"Kí lo wá wá ṣe nílé mi?"

Ó ní àwọn ti ronú sí i. Wọn kò ní jẹ́ kó lọ sókè púpọ̀. Wọn kò ní gba iná sí i jù. Kó kàn yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, kó balẹ̀. Ó ní, "Ìṣẹ́jú kan péré ni, Bàbá. Ó ṣì lè gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbẹ̀ ni ojú mi ti ṣókùnkùn.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọmọ mi nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ ló ń ṣe é. Dókítà ti sọ fún un pé kó sinmi, kó má dúró sóòrùn, kó má gbé ẹrù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ mọ́, sálúbàtà ló ń wọ́ kiri. Àwọn ọ̀rẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń lọ bá a. Ilé ẹ̀kọ́ kan ń ṣeré ìdárayá, wọ́n fẹ́ kí bàálù fò. Wá, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnìkan ń gbé ìyàwó, ó fẹ́ kí bàálù gbé òdòdó kọjá lókè. Wá, lẹ́ẹ̀kan sí i. Yóò dìde. Ó mọ́ ọn lára láti máa dìde. Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó dúró sínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá wò ó kò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Wọ́n ní, "Ó ṣì ń gbé e dáadáa." Títí di ọjọ́ tí kò gbé e mọ́.

N kò ní kí àwọn ni wọ́n pa á. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ èyí fún mi kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tó. Ṣùgbọ́n kí ẹnu kan náà wá sínú ilé mi, kó wá sọ ọ̀rọ̀ kan náà nípa bátìrì tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́! Mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní àánú tí ọmọ mi ṣe bátìrì, wọn kò ṣe é fún un. Mo sọ àwọn nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Télọ̀ ti dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. Tíṣà ń fi ọwọ́ nu ojú.

Ìyàwó ọmọ mi nìkan ni kò mira. Nígbà tí mo dákẹ́ láti mí, ó ní, "Bàbá, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló ni ín."

Ó ti rí i sọ. Bàbá kì í jogún ọmọ. Bó ti wà nìyẹn látọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ọmọ mi fi sílẹ̀, tìyàwó rẹ̀ ni, tàwọn ọmọ rẹ̀ ni, tàwọn àbúrò rẹ̀ ni. Tèmi kọ́. Ìkòkò kàn wà ní ẹ̀yìnkùlé mi ni.

Mo dìde. Mo gbé ìkòkò náà wá fúnra mi, mo kó wọn sínú agolo pẹ̀lú iyanrìn wọn. Mo ní, "Gbà. Tìẹ ni. Má gbé e lé itan nínú ọkọ̀ o, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kó wà." Ó kúnlẹ̀ gbà á. Wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó mu omi tí mo bù.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ dé Takie. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ kí mi dáadáa, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ti di ẹnjiníà bàálù." Mo ní mo sàn ju olórí ẹbí tí kò mọ̀ ju pípín ìrẹsì lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun yóò rí i pé wọ́n gbé oúnjẹ tèmi wá sí Ọ̀yọ́ nínú kúlà.

Nítorí pé n kò ní lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé n kò ní lọ. Bàbá kì í lọ síbi òkú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sin ín, inú yàrá ni wọ́n mú mi jókòó sí, àwọn àgbà méjì sì jókòó tì mí kí n má bàa jáde. Títí di òní, n kò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí. Mo mọ ojú ọ̀nà láti ibí dé Kánò, n kò mọ ibi tí ọmọ mi sùn sí. Ìrántí náà kò yàtọ̀ lójú wọn. Wọn yóò gbé bátìrì tó ti fẹ̀yìn tì sínú bàálù, wọn yóò jẹ́ kó gba orí àwọn ọmọ ọmọ mi kọjá, èmi yóò sì wà ní Ọ̀yọ́, n óò máa jẹ ìrẹsì inú kúlà.

Mo rò ó títí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàpá sí àṣà. Mo ti pa á mọ́ nígbà tó dùn mí jù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí lójú mi ni bàálù tó ń di òkúta, àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n gbójú sókè sí i.

Nígbà tí ọjọ́ ìrántí pé, mo wọ aṣọ tí mo fi ń jókòó lójúde lásán, n kò wọ aṣọ òde. Mo lọ sí páàkì. Awakọ̀ tó wà lójú ìlà mọ̀ mí, èmi ni mo kọ́ bàbá rẹ̀ níṣẹ́. Ó ní kí n jókòó níwájú. Ó bi mí pé ibo ni Bàbá ń lọ, mo ní mo fẹ́ lọ rí ẹnìkan. N kò purọ́. Mo sọ̀ ní Takie, mo gun ọ̀kadà dé pápá náà.

Ìsìn ti parí. Wọ́n ta kánópì yí pápá ká, wọ́n ń pín oúnjẹ. Bàálù wà lórí tábìlì, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀. Búlúù rẹ̀ kò tíì ṣá rárá. Ó wá dà bíi pé wọ́n tẹ́ ẹnìkan kalẹ̀ síbẹ̀.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń sáré bọ̀, fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ṣe níbí? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni?"

"Pápá ọmọ ilé ìwé ni mo wá. Ṣé ibojì wà níbí ni?"

"Ẹ má dá mi lóhùn báyìí láàárín èrò."

"Yà lọ́nà fún mi."

Ó yà. Ó mọ ohùn mi láti ìgbà tí mo ti ń gbé e pọ̀n. Mo lọ jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà. Oúnjẹ dúró lẹ́nu àwọn ènìyàn. Mo wo àwọn ọmọ ọmọ mi. Iwájú gan-an ni wọ́n fi wọ́n sí kí wọ́n lè rí bàálù dáadáa, àwọn méjèèjì wọ aṣọ funfun.

Mo pe télọ̀. Mo ní kó bá mi wá gíláàsì lúfà. Mo rò pé yóò ní kò sí. Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀, ó fà á yọ, ó ti fi aṣọ wé e. Ó ti gbé e wá láti ilé. Ẹ gbọ́ o: ó gbé gíláàsì wá sí pápá, kò sì lẹ́nu láti gbé e jáde títí arúgbó fi wá bèèrè. N kò mọ̀ bóyá kí n gbá a mọ́ra ni tàbí kí n gbá a létí.

Tíṣà yọ bátìrì náà kúrò ní ikùn bàálù. Wọ́n ti gba iná sí i, ó ti kún. Ó gbé e lé orí gíláàsì. Mo fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mì. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó mì padà. Òórùn dídùn kan ń jáde lára rẹ̀, bí ohun tí àwọn ọmọbìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná. Gbogbo wa ń wò ó bó ṣe ń mì.

Ìyàwó ọmọ mi ti dé ẹ̀yìn mi. N kò gbọ́ ìrìn rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti rí i, Bàbá. Ọjọ́ tí a gbé e délé ni mo ti gbé e lé orí gíláàsì nínú yàrá wa. Ó mì. Mo yí i padà, ó mì."

"O rí i, o sì gbé e wá?"

"Mo gbé e wá."

"Orí àwọn ọmọ rẹ lo fẹ́ kó gbà kọjá."

Ohun tó sọ ni pé, "Gbogbo nǹkan rẹ̀ tó kù, ńṣe ni wọ́n kàn wà ńlẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ń bẹ, kò ṣe nǹkan kan. Àga rẹ̀ ń bẹ. Èyí nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló gba iná sí i rí. Bí wọ́n bá ti lè fi tẹlòmíràn sí i, ó ti tán nìyẹn."

Ẹlòmíràn tó bá wà nípò mi ì bá fún un lọ́rọ̀ ìtùnú. Mo wá a, n kò rí i. Mo ní, "Ó ti tán, ìyàwó mi. Ó ti tán látijọ́. Òun ló sọ pé kí èyí má gòkè mọ́, ìwọ wá fẹ́ fi dandan gbé e gòkè. Ẹ ò gbọ́ tirẹ̀ nígbà tó wà láàyè, ẹ ò tún ní gbọ́ tirẹ̀ báyìí?"

Ó wò mí bíi pé mo gbá a lójú. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó na ọwọ́ kọjá mi, ó gbé bátìrì náà kúrò lórí gíláàsì, ó lọ tẹ̀ ẹ́ bọ inú agolo iyanrìn tó wà lẹ́bàá ọkọ̀, ó sì fi ọwọ́ kó iyanrìn bò ó. Ó padà wá, ọwọ́ rẹ̀ kún fún iyanrìn. Ó sọ fún télọ̀ pé, "Fi tìẹ sí i."

Àbúrò mi ní háà, ṣé bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyẹn, a ní àjèjì nǹkan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Ó yíjú sí i. Ó ní, "Bàbá Takie, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ mi ni." Kò gbé ohùn sókè rárá. Àbúrò mi lọ jókòó.

Télọ̀ gbé tuntun rẹ̀ lé orí gíláàsì. Ó fara lélẹ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Wọ́n tì í bọ ikùn bàálù. Tíṣà gbé rìmóòtù, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn ṣí sẹ́yìn, èmi ni mo sì ní kí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà kúrò níwájú. Télọ̀ gbé bàálù sókè, ó sáré díẹ̀, ó jù ú síwájú.

Ó gòkè. Ó gba orí igi máńgòrò kọjá, ó dẹ̀gbẹ́, oòrùn mú apá rẹ̀, ó padà wá gba orí wa kọjá, ó tún lọ. Ariwo fáànù rẹ̀ kò yí padà rárá, kò gbọ̀n, kò rẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń sá tẹ̀ lé òjìji rẹ̀ lórí koríko. Kò ṣe ìṣẹ́jú kan péré. Ó pẹ́ lókè ju bí mo ṣe rí i rí nígbà tí ọmọ mi fúnra rẹ̀ ń mú un fò.

Inú sì bí mi sí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ohun tí mo bèèrè gan-an ni wọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó farapa, síbẹ̀ inú bí mi ju ti ọjọ́ tí wọ́n wá sílé mi lọ. Ó yẹ kó ṣe bíi pé nǹkan kan kù. Ó yẹ kó kọsẹ̀ díẹ̀ lókè nígbà tó rí i pé kì í ṣe ọwọ́ tó ṣe é ló di rìmóòtù mú. Kò kọsẹ̀. Nígbà tó balẹ̀, télọ̀ fọwọ́ kan bátìrì rẹ̀, ó ní, "Kò tiẹ̀ gbóná, Bàbá." Ayọ̀ ló fi sọ ọ́. Mo ní kó gbé e kúrò lójú mi.

Ìyàwó ọmọ mi wá jókòó tì mí. Ẹnìkan gbé abọ́ oúnjẹ síwájú mi, ó ti gbàgbé pé bàbá òkú kì í jókòó jẹun níbi ìrántí. Ìyàwó ọmọ mi gbé e kúrò níwájú mi kí n tó sọ̀rọ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn.

"Inú ṣì ń bí yín," ló wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Inú ń bí èmi náà." Ó ń wo bàálù tí wọ́n ń gbé padà sórí aṣọ funfun, ó sì ń fi èékánná kan yọ iyanrìn kúrò nínú èékánná kejì. A jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì, títí wọ́n fi tú kánópì kúrò lórí wa.